Ta Ló Ru Ẹrù Eddington?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, ilẹ̀ ṣú ní Accra. Kì í ṣe òjò ló ṣú. Òṣùpá ló wọ àárín àwa àti oòrùn, ó sì bò ó pátápátá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo wà níbẹ̀. Mo dúró sí etí títì pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò, olúkúlùkù pẹ̀lú awò dúdú oníbébà tí wọ́n ń tà kiri ìgboro ṣáájú ọjọ́ náà. Atẹ́gùn tutù lójijì. Àwọn àdìẹ dákẹ́. Àgùàlà yọ lójú ọ̀run bí ẹni pé ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ìyá kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́ sáré dé ìkòkò rẹ̀, àfi bí ẹni pé òkùnkùn náà lè kán sínú oúnjẹ.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó dúró tì mí fà mí láṣọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún wọn pé ó máa ṣẹlẹ̀?” Mo ní àwọn onímọ̀ ló ṣírò rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó tún ní, “Tí wọ́n bá ṣì í ṣírò ńkọ́?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Gbogbo wa ni a ò bá ti mọ̀ láàárọ̀ yìí.”

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kejì yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí òun gan-an ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ físíìsì. Ẹnikẹ́ni lè jókòó sílé kó máa sọ bí ayé ṣe rí. Ohun tó mú onímọ̀ físíìsì yàtọ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, kó sọ ọ́ ní iye, kí àwọn tí kò gbà á gbọ́ lè lọ wọ̀n ọ́n wò. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò tó lókìkí jù lọ nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wáyé ní òkun tiwa yìí, ní erékùṣù kan tí kò tó 1,000 kìlómítà sí Accra, tó sì jẹ́ nǹkan bí 700 kìlómítà sí Èkó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwa tí a kàwé ní Gánà àti Nàìjíríà ló máa ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé London ló ti bẹ̀rẹ̀, London náà ló sì parí sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò. Láti ayé Isaac Newton, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni àwọn onímọ̀ ti gbà pé gbogbo ohun tó wúwo ló ń fa ara wọn, pé agbára òòfà tó ń mú mángòrò jábọ́ náà ló ń mú òṣùpá yí ayé po. Ìṣirò Newton ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní 200 ọdún. Ibi kékeré kan ló ti kù díẹ̀ káàtó, ìyẹn nínú ìrìn pílánẹ́ẹ̀tì Mercury. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1915, Albert Einstein gbé tíọ́rì tirẹ̀ kalẹ̀ ní Berlin. Ó ní kò sí okùn àìrí kankan tó ń fa nǹkan. Ohun tó wúwo ló ń tẹ àyè àti àkókò wọ́, bí àgbàlagbà tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onífóòmù ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tí ohun tó bá wà nítòsí á sì máa yí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ kó tó dé ojú wa, ìràwọ̀ náà á sì dà bí ẹni pé ó kúrò ní àyè rẹ̀.

Báwo ni yóò ṣe tẹ̀ tó? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹ pín àyíká òbìrí sí ọ̀nà 360, kí ẹ tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 3,600. Ìdá tín-ín-rín tó bá jáde yẹn ni wọ́n ń pè ní sẹ́kọ́ǹdì, kì í ṣe sẹ́kọ́ǹdì ti aago. Einstein ní ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan etí oòrùn á tẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì 1.75. Tí a bá fi ọgbọ́n Newton ṣírò rẹ̀, ìdajì ni, 0.87. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó, ẹ gbé owó ẹyọ kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ sókè ní ọjà Makola, kí ẹnìkan wà ní Kwame Nkrumah Circle, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí yín, kó máa wò ó. Bí owó náà ṣe máa fẹ̀ tó lójú ẹni yẹn ni 1.75 ṣe fẹ̀ tó. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá odindi owó náà ni, àbí ààbọ̀ rẹ̀.

Oòrùn kì í jẹ́ ká rí ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfi tí òṣùpá bá bò ó ni a lè ya fọ́tò wọn, ká wá fi wé fọ́tò àwọn ìràwọ̀ kan náà tí a yà lóru, ní oṣù tí oòrùn kò sí láàárín wọn. Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀. Ní 1912 wọ́n ti Argentina lọ sí Brazil, òjò bà á jẹ́. Ní 1914 Erwin Freundlich kó awò láti Jámánì lọ sí Crimea, ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará Rọ́ṣíà sì mú un bí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá. Ní tèmi, orí Einstein ló bá a ṣe é. Iye tó kọ́kọ́ kéde ní 1911 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Newton. Ká ní òjò kò rọ̀, tí ogun kò sì dé, wọn ì bá ti já a nírọ́ kó tó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Frank Dyson, olórí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i ní 1917 pé ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919 ló dára jù. Lọ́jọ́ náà, oòrùn á wà láàárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ Hyades tó mọ́lẹ̀ dáadáa, òkùnkùn náà á sì pẹ́. Ọ̀nà tí òjìji òṣùpá máa gbà bẹ̀rẹ̀ láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó la òkun kọjá, ó kan Cape Palmas ní Liberia, ó gba ojú omi tó wà nísàlẹ̀ Gold Coast, ó dé Príncipe, ó sì wọ àárín gbùngbùn Áfíríkà. Accra bọ́ síta díẹ̀. Apá kan oòrùn ni wọ́n rí tí a bò níbẹ̀.

Ẹni tó yẹ kó lọ ni Arthur Eddington ti Cambridge. Ẹlẹ́sìn Quaker ni, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì gbà á láyè láti jagun. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fi dandan mú un wọ iṣẹ́ ológun, Dyson ló bá a sọ̀rọ̀, ó ní ìrìn àjò yìí nílò rẹ̀. Ìjọba fọwọ́ sí 1,100 pọ́n-ùn. Ní oṣù kẹta 1919, nígbà tí ogun ti parí, ọkọ̀ gbéra ní Liverpool pẹ̀lú ikọ̀ méjì. Crommelin àti Davidson kọrí sí Sobral ní Brazil. Eddington àti Edwin Cottingham, ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ aago ṣíṣe, kọrí sí Príncipe. Wọ́n ní Cottingham béèrè lọ́wọ́ Dyson kí wọ́n tó lọ pé tí ìmọ́lẹ̀ bá tẹ̀ ju ti Einstein lọ ńkọ́, tó bá jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Dyson dá a lóhùn pé nígbà náà, Eddington á ya wèrè, ìwọ nìkan lo máa padà wálé.

Wọ́n gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí yìí, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn Einstein máa ń yára kọjá níbẹ̀.

Oko kòkó ni Príncipe. Àwọn Potogí ló ni ín pẹ̀lú São Tomé, àwọn oko ńláńlá tí wọ́n ń pè ní roça ló sì kún erékùṣù méjèèjì. Lórí ìwé, òwò ẹrú ti parí níbẹ̀ láti 1875. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kó àwọn èèyàn láti inú Angola, wọ́n ń so wọ́n mọ́ àdéhùn ọdún márùn-ún tí wọn kò lè kà, wọ́n ń kó wọn sọdá òkun, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń padà sílé. Henry Nevinson, akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ ọ̀nà náà ní 1904 sí 1905, ó sì pè é ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, oko ẹrú. Ta ló ń ra kòkó náà? Ilé iṣẹ́ Cadbury wà lára wọn, àwọn Quaker tó ń kọ́ ilé dáadáa fún òṣìṣẹ́ wọn ní Birmingham. Láti 1901 ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ta sí wọn létí. Oṣù kẹta 1909 ni wọ́n tó jáwọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìwé ìròyìn Standard lẹ́jọ́ pé ó bà wọ́n lórúkọ jẹ́, wọ́n jàre, ṣùgbọ́n iye tí àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ fún wọn ni ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun táwọn ará Birmingham rò, iye yẹn ti sọ ọ́.

Níbo ni wọ́n wá yí ojú ọjà wọn sí? Gold Coast ni. Tetteh Quarshie, ọmọ Ga tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ti mú èso kòkó bọ̀ láti Fernando Pó ní 1879, ó gbìn ín sí Mampong ní Akuapem. Nígbà tó fi máa di 1911, Gold Coast ti di ilẹ̀ tó ń mú kòkó jáde jù lọ lágbàáyé, láti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ni oko ara wọn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé Einstein àti Eddington kò kan wa, ojú àwọn ilé àgbà tí owó kòkó kọ́ ní Accra ni mo máa ń wò. Ìtìjú erékùṣù yẹn wà lára ohun tó sọ wọ́n di olówó.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Cadbury jáwọ́, Quaker mìíràn wá sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Príncipe, kì í ṣe láti ra kòkó. Jerónimo Carneiro, ọ̀kan nínú àwọn oníoko ńlá níbẹ̀, gba Eddington àti Cottingham sílé ní Roça Sundy, ní apá àríwá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà. Àpótí wọn pọ̀. Dígí ńlá tí wọ́n yá ní Oxford wà nínú wọn, pẹ̀lú dígí pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ aago ń yí kó lè máa tẹ̀ lé oòrùn, àti àwọn àwo gíláàsì tí wọ́n máa ya fọ́tò sí. Ọkọ̀ kékeré orí irin tí wọ́n fi ń kó kòkó ló kó wọn. Ṣùgbọ́n irin náà já ní ibì kan, ó tó nǹkan bí kìlómítà kan, ibẹ̀ sì jẹ́ igbó. Ìròyìn tí Dyson, Eddington àti Davidson tẹ̀ jáde ní 1920 mẹ́nu kan bí wọ́n ṣe kọjá níbẹ̀: àwọn ọmọ ilẹ̀ ló ru ẹrù náà.

Orúkọ oníoko wà nínú ìròyìn náà. Orúkọ ọkùnrin aláago wà níbẹ̀. Ti àwọn alábàárù kò sí. Ẹni tó bá ti ra ọjà rí ní Makola mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, nítorí ó ti rí àwọn kayayei, àwọn ọmọbìnrin tó ti àríwá Gánà wá, tí wọ́n ń fi orí ru ẹrù tó wúwo ju ara wọn lọ. A kì í béèrè orúkọ wọn náà. Ká ní ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn alábàárù Sundy yọ̀ nínú igbó yẹn, tí dígí Oxford fọ́, ìdánwò Príncipe ti tán nìyẹn, kò sì sí àyè láti lọ mú òmíràn wá kí ọjọ́ náà tó pé.

Ọjọ́ náà pé, òjò ńlá sì rọ̀ láàárọ̀. Ó dá ní nǹkan bí ọ̀sán gangan. Nígbà tó fi máa di aago kan ààbọ̀, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí yọjú láàárín ìkùukùu. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 13 ni òkùnkùn bò ó, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún àti sẹ́kọ́ǹdì méjì. Fọ́tò 16 ni wọ́n yà. Eddington sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rí ìran náà, nítorí pé àwo gíláàsì ni òun ń pààrọ̀. Ó kàn gbójú sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ kó lè mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín kó lè wo ìkùukùu. Mo máa ń fi èyí wé tiwa ní 2006. Gbogbo rẹ̀ pátá ni àwa wò, a pàtẹ́wọ́, a ò sì wọn nǹkan kan. Òun kò wò ó, ó sì wọ̀n ọ́n.

Ìkùukùu ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò rẹ̀. Àwo méjì péré ló ní ìràwọ̀ tó pọ̀ tó láti fi ṣírò, márùn-ún márùn-ún. Ó wù ú kí ó dúró fún oṣù díẹ̀ kó lè ya àwọn ìràwọ̀ náà lóru ní ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fẹ́ há wọn mọ́ erékùṣù, wọ́n sì yára wọkọ̀ ní oṣù kẹfà. Iye tó rí ní Príncipe ni 1.61, ó lè fi 0.30 lé sí i tàbí kó fi dín. Ní Sobral, awò kékeré kan tí wọ́n yá láti Ireland fún wọn ní 1.98, pẹ̀lú 0.12 sókè sódò. Awò ńlá tí wọ́n gbójú lé níbẹ̀ fún wọn ní 0.93, tó sún mọ́ iye Newton, ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ inú fọ́tò náà ti fẹjú, wọn kò mú dáadáa, nítorí ooru oòrùn ti da dígí rẹ̀ rú. Wọ́n fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá 1919, ní ìpàdé ńlá kan ní London, wọ́n kéde pé Einstein ló jàre. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn Times gbé e, Einstein sì di ìlú mọ̀-ọ́n-ká.

Àwọn kan ti ń sọ láti ìgbà náà pé Eddington ti pinnu ṣáájú, pé èyí tó wù ú ló mú, tó sì da èyí tí kò wù ú nù. Mo ti rò ó dáadáa, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n mẹ́ta, tó sì rí i pé ọ̀kan ti tẹ̀, kò hùwà ìbàjẹ́ tó bá gbé e sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá sọ fún ọjà pé òun gbé e sílẹ̀, tó sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n tẹ 0.93 náà jáde pẹ̀lú àlàyé; wọn kò fi pamọ́. Ní 1979, àwọn onímọ̀ tún fi ẹ̀rọ tuntun wọn àwo Sobral kan náà. Ti awò ńlá tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ wá di 1.55, pẹ̀lú 0.34 sókè sódò, ti awò kékeré sì jẹ́ 1.90. Òṣùwọ̀n tó tẹ̀ náà kò gbè sẹ́yìn Newton mọ́. Èyí tí mo lè fi dá Eddington lẹ́bi ni pé ó fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ ju bí àwo méjì ti tó lọ.

Ní 2009, wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ ní Roça Sundy. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 1919 nìkan kọ́ ni ilẹ̀ wa gbàlejò ìdánwò yìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 1973, òkùnkùn tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà gba orí aṣálẹ̀ Mauritania kọjá. Ikọ̀ kan láti Yunifásítì Texas lọ sí Chinguetti, ìlú ìwé àti mọ́sálásí àtijọ́, wọ́n kọ́ ilé kékeré kan tí ooru kò lè wọ̀ yí awò wọn ká. Dípò òjò, iyanrìn ló dá wọn láàmú: eruku inú atẹ́gùn gba púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀. Wọ́n padà lọ ní oṣù kọkànlá láti ya àwọn ìràwọ̀ náà lóru. Iye tí wọ́n rí jẹ́ 0.95 iye Einstein, pẹ̀lú 0.11 sókè sódò. Lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ òfuurufú Concorde kan gbéra láti Las Palmas, ó sáré bá òjìji òṣùpá lọ láti Mauritania dé Chad, àwọn onímọ̀ inú rẹ̀ sì wà nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú 74. Ti Einstein kọ́ ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣàìmẹ́nu kàn án. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn kan lókè tí wọ́n ń lé òru kiri, àwọn kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò lójú dígí, àwọn ará Chinguetti sì dúró, wọ́n ń wo àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn 1973, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ fọ́tò. Ìràwọ̀ lásán kọ́ ló ń tàn lójú ọ̀run. Àwọn nǹkan kan wà tó jìnnà réré tí wọ́n ń rán ìgbì rédíò wá, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò sì dí rédíò lọ́wọ́. A ò nílò òṣùpá mọ́. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní 3C 279 máa ń gba ẹ̀yìn oòrùn kọjá ní oṣù kẹwàá ọdọọdún. Tí a bá ní àwo rédíò méjì tó jìnnà sí ara wọn, kí ọ̀kan wà ní ilẹ̀ kan, kí èkejì wà ní ilẹ̀ mìíràn, kí àwọn méjèèjì wo ohun kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà pẹ̀lú aago tí kì í ṣì, a lè pa ohun tí wọ́n gbà pọ̀, wọ́n á sì ríran kedere bí ẹni pé àwo kan ṣoṣo ni wọ́n, tó fẹ̀ tó gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Ní 2004, Irwin Shapiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó iṣẹ́ ọdún 20 jọ láti ibùdó 87, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì ìwọ̀n. Einstein jàre, àyè àṣìṣe tó sì kù kò ju bíi mẹ́rin nínú 10,000 lọ. Ẹ rántí pé nínú ọgọ́rùn-ún, Chinguetti lè ṣì tó mọ́kànlá.

Kí wá ni ti Accra nínú èyí? Ẹ gba ọ̀nà Nsawam, ní nǹkan bí kìlómítà 25 sí àárín ìlú, ẹ ó dé Kuntunse. Àwo kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 32. Ní 1981 ni wọ́n kọ́ ọ, láti máa fi bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Òun ni ìpè tẹlifóònù láti ilẹ̀ òkèèrè ń gbà wọ Gánà. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun dé, kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ mọ́. Níbòmíràn, irú irin bẹ́ẹ̀ á dìpẹtà títí àwọn tó ń ra àlòkù irin á fi dé. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ òfuurufú ní Gánà àti àwọn onímọ̀ South Africa pawọ́ pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di awò rédíò. Àwọn ọmọ Gánà tó lọ kọ́ṣẹ́ ní South Africa wà lára àwọn tó tú u palẹ̀ tí wọ́n sì tún un tò. Ààrẹ Nana Akufo-Addo ṣí i ní oṣù kẹjọ 2017. Kí wọ́n tó ṣí i, ó ti gbọ́ ohùn àwọn ìràwọ̀ tó ń yí bíi òkòtó, wọ́n sì ti dán an wò pẹ̀lú àwọn àwo ilẹ̀ mìíràn bóyá wọ́n lè jọ ríran pọ̀.

Ibi tí àwo yìí wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Àwọn àwo Yúróòpù pọ̀ lókè, ti South Africa wà nísàlẹ̀, àlàfo ńlá sì wà láàárín. Kuntunse bọ́ sínú àlàfo yẹn gẹ́lẹ́. Àwòrán tí wọ́n bá jọ yà láìsí ẹnìkankan láàárín dà bí aṣọ tí a hun tí òwú àárín rẹ̀ kò sí. Nítorí náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí ilẹ̀ wa mú wá sínú irú ìdánwò yìí kì í ṣe ojú ọ̀run, orí alábàárù àti ìyàrá àlejò nìkan. Ó lè mú ìwọ̀n wá, pẹ̀lú àwọn tó lè kà á.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí. Àwo dídára kì í gbé ara rẹ̀ yí. Ó ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í lọ, òróró sí àwọn ibi tó ti ń yí, owó oṣù àwọn ẹ̀ńjíníà kí wọ́n má bàa ṣí lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, àti ìjọba tí kò ní gbàgbé lẹ́yìn tí àwọn ayàwòrán bá ti lọ. Àwa Yorùbá pàápàá ní ohun tí a lè bi ara wa. Lanlate ní Ìbàràpá ni Nàìjíríà kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ṣáájú ti Kuntunse. Láti Ìbàdàn, ìrìn àárọ̀ kan ni. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń ka físíìsì ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni olùkọ́ wọn ti mú débẹ̀ rí? Mélòó ló mọ̀ pé irú àwo bẹ́ẹ̀ ni Gánà fi ń gbọ́ ohùn ìràwọ̀? Ẹ̀kọ́ Einstein tí wọ́n ń kọ́ nínú kíláàsì wa, ìlà márùn-ún lórí pátákó ni, àti déètì 1919, kò sì sí Príncipe nínú rẹ̀.

Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè ní 2006 ti dàgbà, ó ń tún fóònù ṣe ní Circle. Mo sọ ìtàn àwọn alábàárù Sundy fún un lọ́jọ́ kan nígbà tó ń tú fóònù mi. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ní Kuntunse ńkọ́, ta ló ń kun òróró sí i?” Mo ní àwọn ọmọ Gánà kan ni. Ó ní, “Ẹ kọ orúkọ tiwọn sílẹ̀.”